Òkè Tí Mo Gùn Nítorí Ràbíátù

Ẹ̀yin ará Bẹyẹrunka, àti ẹ̀yin ará Ọjà'ba tí ẹ ń ra fìlà lọ́wọ́ mi, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ní wọ́n rí Bùràímọ̀ aránfìlà láàárín àwọn Aládùúrà lórí òkè kan nílẹ̀ Èkìtì, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn bíi sójà, ó ń tẹ̀ lé àwọn aláṣọ funfun. Òótọ́ ni, èmi náà ni. Àwọn tó fi kún un pé mo ti fi ẹ̀sìn mi sílẹ̀ ni wọn kò sọ òótọ́. Mo kírun lórí òkè yẹn ju bí mo ṣe ń kírun nílé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kò bi mí, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi lẹ ti ń sọ ọ́, mo ní kí n fi ìwọ̀nba ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Bẹẹrẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ohun tó mú mi jáde nílé

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún èmi àti ìyàwó mi. Ràbíátù ni. Àwọn mẹ́ta tí a bí ṣáájú rẹ̀ kò dàgbà. Ó máa ń jókòó tì mí nínú ìsọ̀, òun ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nígbà tó tó ilé ọkọ lọ, bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, ará Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ní Àgodi, ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Aládùúrà ni. Ó mú àwọn àgbà rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo fún wọn lómi mu. Nígbà kejì, n kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo sọ fún Ràbíátù lójú gbogbo agbo ilé pé tó bá tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn, kó má mọ ilé wa mọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì lọ. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Sàlámátù ìyàwó mi kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ń ro ọkà, ti ẹni mẹ́ta ló máa ń rò. A óò jẹ ti ẹni méjì, ìyókù á wà nínú abọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ro ọkà ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi sin ín mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé Ràbíátù kò gbọ́. N kò mọ ibi tó ń gbé, n kò sì wá a. Ilé wá dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọkà fúnra mi, mo sì rí i pé èmi náà ń ro ju ohun tí ẹnì kan lè jẹ lọ.

Obìnrin kan wà ní Òkè Padre tó ń ta òwú fún mi, Màmá Ẹ́sítérì là ń pè é. Aládùúrà ni òun náà. Ní ọjọ́ kan tó kó òwú wá, ó jókòó pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ.

Ó ní, "Bàbá Ràbí, mo rí ọmọ yín lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gbà á ni mi ò fi tíì sọ."

Mo ní, "Níbo lẹ ti rí i?"

"Lórí òkè àdúrà wa. Ó ń pín omi fún èrò. Kí n tó ráàyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti pòórá sáàárín èrò. Mi ò mọ ìlú tó ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan máa ń padà wá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la sì tún ń lọ."

Mo gbé fìlà tí mo ń rán sílẹ̀. Mo ní, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ìmàle wọ ọkọ̀ yín?"

Ó dìde láti máa lọ. "Ẹ ṣáà má gbàgbé aṣọ òtútù," ló wí.

Aládùúgbò mi kan tó ti lọ jagun ní Bọ́má yá mi ní àpò sójà rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn méjì kọ́ èjìká. Ó ní ẹni tó bá gbé ẹrù lérí gun òkè, ọ̀run ló ń lọ. Mo kó ẹní ìkírun mi sínú rẹ̀, mo kó kẹ́tùlù alùwàlá, aṣọ òtútù kan, àti abẹ́rẹ́ àti òwú nítorí pé n kì í rìn láìmú wọn dání. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo tẹ́ ìró òfì Sàlámátù sí i, èyí tó ní kí n fún Ràbíátù. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé Iléṣà ni mò ń lọ. Iléṣà wà lójú ọ̀nà lóòótọ́.

Láàárín àwọn aláṣọ funfun

Èmi nìkan ni mo dé fìlà nínú bọ́lẹ̀kájà náà. Gbogbo wọn wọ funfun, wọ́n sì ti bọ́ bàtà. Mo fi àpò sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo wo ìta. Wọ́n kọrin láti Òkè Padre dé Ifẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹni tó máa bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo tilẹ̀ ti ro èsì tí n ó fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí. Obìnrin kan na ọsàn sí mi, nígbà tí mo sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bó o, ó tún nà án sí mi.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ̀ náà ya sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wòlíì yíjú sí mi láti iwájú. Ó ní, "Bàbá, àsìkò ìrun yín ti tó. Ẹ má kánjú."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Màmá Ẹ́sítérì bu omi sí kẹ́tùlù mi. Mo tẹ́ ẹní mi sábẹ́ igi, mo dojú kọ ìlà-oòrùn, gbogbo ọkọ̀ sì pa lọ́lọ́ lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó kọrin, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí níbi tí mo forí kanlẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà mọ bí àwa ṣe ń ṣe: bí agogo wọn bá ń dún lápá ọ̀dọ̀ wa, ńṣe la máa ń gbé ohùn sókè ká má baà gbọ́ ọ.

A kọjá Iléṣà tán, ilẹ̀ yí padà. Òkè ń jáde láàárín igbó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àwọn kan dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀, àwọn mìíràn ní igi lórí bí ẹni tí kò tíì gẹrun. Ọkọ̀ ń kérora, ó ń yí po, ó ń gòkè. Àwa tí a bí sábẹ́ òkè Mápó, a rò pé a mọ òkè. A kò mọ̀ ọ́n. Mo wọ aṣọ òtútù mi lójú oòrùn gan-an.

Ibi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé

N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ọmọ mi wà nítòsí ibẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ yọ ọ́ lẹ́nu. Ìlú kékeré ni, òkè ló gbé e mọ́ àyà. Bí àdúrà ọdọọdún bá ti dé, èrò máa ń pọ̀ ju onílé lọ. Inú yàrá ni, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni, abẹ́ òrùlé ìdáná ni, gbogbo rẹ̀ lèrò sùn sí.

Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ni wọ́n fi èmi àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin sí. Yorùbá kan náà là ń sọ, àbí kí n sọ pé a rò bẹ́ẹ̀. Ilé, ulé ni wọ́n ń pè é. Iṣu, uṣu ni. Bí ìyá náà bá sọ̀rọ̀ kíákíá, mo kàn ń mi orí ni. Ní Ìbàdàn, èmi ni mo máa ń fi àwọn ará oko ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu wọn wúwo. Níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó wá pọnmi ní kí n tún sọ ohun tí mo sọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Iyán ni wọ́n gbé fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iyán ni láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó funfun, ó dán, kò ní kókó kankan. Mo ń wo ọbẹ̀, mo ń ronú bí n ó ṣe sọ fún wọn pé n kì í jẹ ẹran tí n kò mọ ẹni tó pa á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹran nínú tèmi, ẹja ló wà níbẹ̀. Ìyá náà rí i pé mò ń wò ó.

Ó fara balẹ̀ sọ ọ́ kí n lè gbọ́: "Mo rí fìlà rẹ. Ìmàle kan bá wa gbé rí níbí. Mo mọ ohun tí ẹ kì í jẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹun yó. Síbẹ̀, ọkàn mi ń fà sí ọkà. Kì í ṣe ti ebi. Ó kàn ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá rí ọkà gbígbóná nínú abọ́ kan níbẹ̀, mo ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo wà.

Orí òkè

Ẹ ò tíì rí èrò. Ọjà'ba lọ́jọ́ tí Iléyá ku ọ̀la kò tó o. Ọ̀nà tó gùnkè kò fẹ̀ ju bí ènìyàn méjì ṣe lè rìn pọ̀ lọ, ẹgbàágbèje ènìyàn ló sì ń gbà á lọ, tí àwọn mìíràn ń gbà á bọ̀. Àwọn tó ń ta àbẹ́là jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Mo rí ọkùnrin kan tó pọn ìyá rẹ̀. Mo rí aboyún tó ń rápálá, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Ibi tí àpáta bá ti ń yọ̀, ẹni tó wà níwájú á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹni tó ń nà án sí, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì dì í mú. Báyìí ni àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí ṣe fà mí dé òkè pẹ̀lú àpò lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo sọ àpò kalẹ̀. Àpáta náà tẹ́ rẹrẹ. Ìkùukùu wà nísàlẹ̀ wa, ó bo igbó, orí òkè mìíràn ń yọ láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú odò. Gbogbo ojú àpáta funfun fún aṣọ. Wọ́n ń kọrin lọ́tùn-ún, wọ́n ń gbàdúrà lósì, agogo ń dún láàárín. Ọkàn mi bà jẹ́. Ta ni yóò rí ènìyàn kan nínú gbogbo èyí?

Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi wá a. Mo ń wo ojú àwọn obìnrin débi pé ọkọ ẹnì kan bi mí pé kí ló dé. Mo bèèrè Ràbíátù, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Mo bèèrè ìyàwó Sámúẹ́lì, wọ́n fi Sámúẹ́lì bíi mẹ́fà hàn mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Wòlíì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ẹnu ọ̀nà tí n kò jẹ́ kí àwọn àgbà Sámúẹ́lì gbà wọlé.

Kò bá mi wí. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kó ti yí orúkọ padà. A óò kéde. Kí ni ká wí?"

Mo ronú. Mo mọ̀ pé bó bá gbọ́ pé èmi ni, ó lè gba ọ̀nà mìíràn sọ̀ kalẹ̀ kó sì máa lọ. Síbẹ̀, n kò fẹ́ fi ẹ̀tàn pè é. Mo ní, "Ẹ sọ pé bàbá Ràbíátù láti Bẹyẹrunka ń wá ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ pé lẹ́bàá orísun omi tó wà lórí òkè yìí ló jókòó sí."

Wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Àwọn èrò ń kọjá, wọ́n ń wò mí, wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni bàbá náà. Kò wá.

Ní ọjọ́ kejì, mo tún lọ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Mò ń ṣe alùwàlá fún àlàásárì lọ́wọ́ ni mo rí ẹsẹ̀ méjì níwájú mi. Mo gbójú sókè. Ràbíátù ni. Ó wé gèlè funfun, ó pọn ọmọ. Kò kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi ńkọ́?"

Omi ń kán tótó lápá mi. Mo ní, "Ràbí, jókòó."

"Mi ò jókòó. Mo gbọ́ ìkéde yín lánàá, mi ò sì sùn. Ẹ̀yin lẹ wá. Bó bá ṣe pé ó wà láyé ni, òun ni ì bá wá. Ìyá mi ńkọ́, Bàbá?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́wàá," ni mo wí.

Kò sunkún. Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e fún obìnrin tó dúró tì í, ó sì rìn lọ sí etí àpáta. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ̀ lé e, n kò sì lè sún mọ́ ọn. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà. Ó wo ọwọ́ mi tí omi ti ń gbẹ lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kírun yín. Àlàásárì ń lọ."

Ó dúró tì mí títí mo fi sálámà, tí ìrun parí.

Ní ulé wọn

Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì ń lọ níwájú. Abúlé rẹ̀ wà lápá kejì òkè náà. Bí Sámúẹ́lì ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá wa." Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò mẹ́nu kan ohun tí mo ṣe fún àwọn àgbà rẹ̀.

Ràbíátù gbé oúnjẹ fún mi, ó gbé omi ìwẹ̀ fún mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ó ń bó iṣu lẹ́yìn ilé, mo lọ jókòó tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú àìsàn wo ni? Ta ló wẹ̀ ẹ́? Apá ibo nínú ilé la sin ín sí? Mo ń dá a lóhùn.

Ó ní, "Ṣé ó bèèrè mi?"

"Ojoojúmọ́, láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀."

"Kí lẹ wí fún un?"

Mo lè parọ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí nígbà náà tó lè tú àṣírí mi. Ṣùgbọ́n n kò tìtorí irọ́ gun òkè yẹn. Mo ní, "Mo sọ fún un pé mo ti ránṣẹ́ sí ọ, pé o ti wà lójú ọ̀nà."

"Ṣé ẹ ránṣẹ́?"

"Mi ò ránṣẹ́."

Ó ń bó iṣu náà lọ. Èèpo ti tán lára rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀bẹ gé iṣu gan-an dànù.

"Ó wá ń wo ẹnu ọ̀nà," ló wí.

"Ó ń wò ó."

"Títí?"

"Títí."

Mo wọlé, mo tú ìsàlẹ̀ àpò, mo gbé ìró òfì náà wá. Mo ní ìyá rẹ̀ ní kí n fún un. Ó gbà á, ó fi bo imú, ó sì gba inú oko iṣu lọ. Láti ibi tí èmi àti Sámúẹ́lì jókòó sí, a ń gbọ́ igbe rẹ̀. Mo fẹ́ dìde. Sámúẹ́lì rọra fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó sunkún, Bàbá. Kò tíì sunkún láti àná."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ ọmọ náà ni Dèbórà, obìnrin ni, ó ti ń sọ̀rọ̀, èdè Èkìtì ló sì ń sọ. Bó bá bá mi sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ fojú inú wò ó, èmi àti ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo, tí ẹnì kan ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wa. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí Sámúẹ́lì tẹ orí wá. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo fi àjákù aṣọ tí wọ́n ní nílé rán fìlà fún un. Èmi ni mo dé e lé e lórí. Fìlà náà ló dé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, Ràbíátù sìn mí dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbèrò.

Mo ní, "Ràbí, bá mi ká lọ, kí o wá wo ibi tí a sin ín sí."

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tíì bẹ̀ mí."

Mo dúró sáàárín ọ̀nà. Lóòótọ́, gbogbo ohun tí mo sọ láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò tíì sọ ìyẹn. Mo ní, "Má bínú, ọmọ mi." Ó tẹ́jú mọ́ mi bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà pé. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ má padà wá gun òkè mọ́, ẹsẹ̀ yín kò gbà á. N ó wá fúnra mi. Mi ò kàn lè sọ ìgbà tí n ó wá."

Ilé

Nígbà tí mo tún rí àwọn òrùlé Ìbàdàn, tí páànù wọn pọ́n bí osùn títí dé ìdí Mápó, ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn kọjá Ìdí Arẹrẹ, tí gbogbo ènìyàn ń kí mi, tí mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láìbèèrè ìtumọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé ni ọkàn mi wà.

Ó ti di ọdún kejì báyìí. Kò tíì wá. Màmá Ẹ́sítérì ń bá mi kí i lórí òkè lọ́dọọdún, ó sì ń kí mi padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́, kì í ṣe láti gbèjà ara mi. Wọ́n ti la ọ̀nà tuntun, wọ́n ti wó àwọn ilé kan, ẹni tó kúrò níbí nígbà náà lè má tètè dá ọ̀nà mọ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó mú ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́, tó dúró ní ìsàlẹ̀ Mápó tó ń wo ọ̀tún wo òsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Ẹ má bi í pé níbo ló ti wà. Ẹ bá a gbé ẹrù rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí agbo ilé wa ní Bẹyẹrunka. Bó bá bọ́ sí àsìkò ìrun, tí ẹ kò bá mi nílé, mọ́ṣáláṣí ni mo wà, sáàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ pátápátá. Ẹ má dúró kí a sálámà. Ẹ wọlé wá pè mí.